Ẹ Má Fọwọ́ Kàn Án

Ní Morioka, oṣù kìíní, yìnyín ti bo ojú fèrèsé.
Aago mẹ́sàn-án alẹ́, èmi nìkan ló kù ní yàrá ẹ̀rọ
pẹ̀lú àwòrán ẹ̀yìn Tomekichi Sawaguchi
tí mo ti ń yẹ̀ wò láti ìrọ̀lẹ́.
Mò ń wá ọ, ìwọ iṣan àlọ.

Ìwọ tí o kò tó fọ́nrán òwú,
tí ò ń gun ẹ̀yìn lọ, tí o wá ṣẹ́rí padà lójijì
bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé,
ìwọ lò ń bọ́ mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn.
Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.
Bí Dókítà Hatakeyama bá gé ọ láìmọ̀
nígbà tó bá ń pààrọ̀ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó wú láyà bàbá yìí,
bàbá á jí, ojú á là, ẹnu á fọhùn,
ẹsẹ̀ méjèèjì á sì dákẹ́.

Mo rí egungun, funfun báláú.
Mo rí òpó ńlá náà. Ta ni kò ní rí i?
Ìwọ, n kò rí ọ.
Mo fa àwòrán mọ́ra, mo yí i, mo gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ.
Wọ́n ní bí a bá fi sùúrù pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀.
Mo ti pa èèrà yìí lẹ́ẹ̀mẹrin.
Ìfun dà?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì:
“Ẹ má bínú, Sawaguchi-san, a ó tún un yà.”
Kò bínú. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ló fi da irin,
tó fi ń ṣe kẹ́tùlù dúdú tí ìlú wa fi ń yangàn.
Ó ní, “Kókó wẹ́wẹ́ máa ń wà lára kẹ́tùlù, bí wóró yìnyín.
Ọ̀gá mi a máa pa iná ńlá kó tó yẹ̀ ẹ́ wò.
Iná tó bá lágbára jù, ńṣe ló ń gbé kókó mì.”

Mo padà sí yàrá, mo rẹ iná sílẹ̀.
Láti ọgọ́fà kílófóltì, mo já a wá sí ọgọ́rin,
nítorí ìtànṣán tó rọ̀ ni áyódíìnì ń dá lóhùn;
èyí tó le a gba ibẹ̀ kọjá bí àlejò tí kò kí onílé.
Mo ri ìgò oògùn sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kó má baà ki,
mo wá abẹ́rẹ́ tó fẹ̀ jù ti àná, mo tì í wọlé kíákíá,
mo fi omi iyọ̀ lé e lẹ́yìn.
“Ẹ mí sínú. Ẹ dá a dúró.”
Ó dá a dúró bí ẹni tó gbé irin yíyọ́ lọ́wọ́.
Ẹ̀rọ yí. Ó tún yí lẹ́ẹ̀kejì.

Yanrìn kún àwòrán: owó orí tí iná kékeré ń gbà nìyẹn.
Mo gbé ìkíní lé ìkejì.
Yanrìn kì í dúró sójú kan náà lẹ́ẹ̀mejì,
ó ń pa ara rẹ̀ rẹ́. Ìwọ kò lè sá.
Mo yọ egungun kúrò níwájú rẹ.

Ní apá òsì, lábẹ́ ìhà kẹsàn-án,
fọ́nrán kan gòkè, ó ṣẹ́rí, ó sọ̀kalẹ̀.
N kò pariwo. Tíì mi ti tutù.
Mo fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà, bí ẹni pé o lè fò lọ,
mo fi ọfà pupa sàmì sí ọ, mo kọ ọ́ síwèé:
òsì, ìkẹsàn-án, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá.
Sawaguchi-san ń sùn, ó ń han-anrun.
Nọ́ọ̀sì Kudo fa aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀.
Ó ta á dànù.